Ẹ Ka Ojúlé, Ẹ Má Ka Ìjọba Ìbílẹ̀

Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìkéde lórí rédíò. Wọ́n á ní ìjọba ìbílẹ̀ báyìí-báyìí wà nínú ewu omíyalé, ti báyìí-báyìí ò fi bẹ́ẹ̀ burú, kí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò tètè kó ẹrù wọn. Bí wọ́n bá ti parí, wọ́n á fi orin sí i. Ìyá tó ń yan gààrí ní Ìlaròó gbọ́. Ọlọ́kadà tó ń wá èrò lọ sí Ayétòrò gbọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, gbọ́. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn.

Kí ni wọn ì bá dìde ṣe? Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, tí Ayétòrò jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wà lára àwọn tó fẹ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òkè wà níbẹ̀, àfonífojì wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, ìletò tí ojú rẹ̀ ò tí ì rí ọ̀dà wà níbẹ̀, ó sì nà títí kan ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá ní gbogbo ibẹ̀ ló wà nínú ewu ò tí ì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí dókítà dúró láàárín ọjà, tó pariwo pé "àìsàn ń bẹ lára yín o," tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ wo àwọn méjì tí wọ́n dárúkọ: àgbàrá àti onílé. Wọn ò ní alága ni ò ní gbà fún un, wọn ò ní kọmíṣánnà. Onílé ni. Àmọ́ báwo ni onílé ṣe fẹ́ kọ̀ fún àgbàrá nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilé tirẹ̀ gan-an ni àgbàrá ń wò? Ohun tí a fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: ìkìlọ̀ tí kò bá dé ojúlé kì í ṣe ìkìlọ̀, iye ilé tí ẹnikẹ́ni bá sì pè láìkan ilẹ̀kùn kì í ṣe iye.

Àwa tí à ń kọ èyí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe jẹun. Ọmọ Yewa ni wá, a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, a kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, sọ́fúwíà là ń kọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjọba nìkan la fẹ́ bú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa.

A ti ka ilé rí láìjáde nílé. Kò le rárá. Google ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Open Buildings, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2021. Kọ̀ǹpútà ló wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà nílẹ̀ Áfíríkà, tó fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká. Ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ní òrùlé tó lé ní mílíọ̀nù 500. Ọ̀fẹ́ ni. Gíga ilẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni: ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọjọ́ 11 wọn gíga ilẹ̀ láti òkè, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní SRTM. Èèyàn á gbé òrùlé lé orí gíga ilẹ̀, á fa ìlà odò, á ní kí kọ̀ǹpútà kun gbogbo ilé tó bá rẹlẹ̀ ju ibi báyìí lọ ní pupa. Kí tíì tó tutù nínú ife, iye ti jáde. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa.

Lẹ́yìn òjò àrọ̀kúrò kan, a gbé fóònù dání, a lọ wo àwọn ilé pupa wa ní Ìlaròó. Àwọn ará àdúgbò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì jàre. Ilé kan tí a kùn ní pupa gbẹ fúrúfúrú, torí ẹni tó kọ́ ọ mọ irú ilẹ̀ tó rà, ó gbé fáńdéṣọ̀n rẹ̀ sókè títí èèyàn fi ń gun àtẹ̀gùn márùn-ún kó tó wọlé. Òmíràn tí a fi sílẹ̀ láìkùn, tó wà lórí òkè dáadáa, òun ni omi wọ yàrá rẹ̀. Wọ́n ti tún títì ibẹ̀ ṣe, títì ga ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ, gọ́tà ò sí, gbogbo omi orí títì wá di ti bàbá onílé. Bàbá náà mú wa wọ pálọ̀, wọ́n fọwọ́ han wá níbi tí omi fi àmì sí lára ògiri. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yín ò rí èyí ni?" A dọ̀bálẹ̀, a kúrò níbẹ̀. A ò ní kọ iye tí kọ̀ǹpútà wa pè síbí, torí kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn kọ sílẹ̀.

Ìdí tí kò fi rí i ò ṣòroó ṣàlàyé. Dátà gíga ilẹ̀ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo wa pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, mítà 30 ní ìbú, mítà 30 ní òró, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíga ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ wá wo púlọ́ọ̀tì kan tí à ń rà nílẹ̀ wa: ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Onígun mẹ́rin kan tóbi ju púlọ́ọ̀tì kan lọ. Ilé yín, ilé aládùúgbò yín àti gọ́tà tó wà láàárín yín lè gba gíga kan náà. Bẹ́ẹ̀ iye mítà ni àṣìṣe dátà yẹn lè jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé omi tó ń ba fìríìjì àti bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ò ju orúnkún lọ. Ẹ̀rọ tó sì ń wọn ilẹ̀ láti òkè máa ń rò pé orí igi àti orí òrùlé ni ilẹ̀. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Bristol gbé èyí tí wọ́n pè ní FABDEM jáde, wọ́n gbìyànjú láti yọ igi àti ilé kúrò nínú gíga náà. Ó wúlò, ṣùgbọ́n mítà 30 náà ló ṣì wà. Ta ló ń fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò sìmẹ́ńtì wọn wúrà?

Àwọn ìlú tó ti ń ka ilé láti ọjọ́ pípẹ́ pàápàá ò tí ì kà á tán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Environment Agency ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣirò tuntun jáde: ilé àti ṣọ́ọ̀bù mílíọ̀nù 6.3 ló wà níbi tí omi ti lè yalé, ó sì lè tó mílíọ̀nù 8 ní àárín ọ̀rúndún yìí. Ẹ jẹ́ ká tú iye yẹn wò. Èyí tí odò àti òkun ń halẹ̀ mọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 2.4. Èyí tí omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 4.6. Àwọn kan wà nínú méjèèjì. Àgbàrá, àní àgbàrá tí àwọn baba wa dárúkọ, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì odò àti òkun. Iye ti àgbàrá yẹn ga ju èyí tí wọ́n ń pè tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, kì í sì í ṣe pé òjò ṣàdédé pọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú àlékún náà wá láti ara dátà tó dára sí i àti ọ̀nà ìṣirò tuntun. Àwọn ilé yẹn ti wà nínú ewu látẹ̀yìnwá, wọn ò kàn tí ì rí wọn ni.

Ní Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ náà tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2020, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, First Street Foundation, ní ilé àti ilẹ̀ mílíọ̀nù 14.6 ló wà nínú ewu tó lágbára. Máàpù FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀, fi mílíọ̀nù 8.7 hàn. Ẹnìkan lè ní: bí àwọn yẹn ò bá rí i kà pé, kí làwa fẹ́ rí kà? Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kọ́ nìyẹn. Onílé ibẹ̀ lè tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó rí ohun tí wọ́n sọ nípa ilé tirẹ̀, kó sì ní, "Ó tì o, omi ò dé ibí rí," tàbí, "Ó dé ibí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò kọ ọ́." Iye tó bá dárúkọ ilé ṣeé jà sí, ó ṣeé tún ṣe. Iye tó bá dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ò lè ṣì láéláé, torí kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Àwọn onímọ̀ máa ń ní omi báyìí jẹ́ "ẹ̀ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún." Ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá gbọ́ ìyẹn, ó fọkàn balẹ̀, ó ní ó di ayé àwọn ọmọ ọmọ òun. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ì báà ti ṣẹlẹ̀ lánàá. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò ẹ̀: ẹni tó bá gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún 30, ó ṣeé ṣe ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún kó rí omi náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ ọdún 50, ó di nǹkan bí ìdá 40. A kì í kọ́lé ní Yewa fún ọdún 30. A ń kọ́ ọ fún àwọn ọmọ wa ni.

Nílé wa ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni 2006. Wọ́n ní 3,751,140 ni gbogbo wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà náà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó ọkọ tàbí aya fẹ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú nígbà tó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ò tí ì ka èèyàn inú rẹ̀ láti ìgbà yẹn, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye ilé tí omi lè wọ̀?

A ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, àtúnṣe ń bá iṣẹ́ àwọn tó ń kìlọ̀. Ní 2024, àjọ NIHSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò ní Nàìjíríà ní ìjọba ìbílẹ̀ 148 ní ìpínlẹ̀ 31 ló wà nínú ewu gíga. Ní 2025, wọ́n sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n ń ka àwùjọ: 1,249, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 176. Ẹsẹ̀ tó dára ni wọ́n gbé yẹn, a kí wọn. Ṣùgbọ́n àwùjọ ò tí ì di ojúlé. Ìlú kan á ní òkè, á ní ìsàlẹ̀. Ẹni òkè á gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹni ìsàlẹ̀ á rí i pé ẹni òkè ń rẹ́rìn-ín, òun náà á bá a rẹ́rìn-ín.

Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, a tún ní ìṣòro tiwa. Bí wọ́n bá ti ní "omíyalé," ọkàn gbogbo èèyàn á lọ sí ìdídò Ọ̀yán, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983, tó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta. Omi rẹ̀ ń ṣàn wọnú odò Ògùn, òun ló ń da àwọn ará Ìṣẹrì àti Kárà láàmú lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. A bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n odò Yewa ò bá Ọ̀yán tan. Tirẹ̀ ń gba ilẹ̀ wa lọ sí ọ̀sà lápá Àgbádárìgì, àwa àti orílẹ̀-èdè Benin la jọ ni ín, kò sì mọ ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sáàárín wa ní 1889. Yàtọ̀ sí odò, èyí tó ń jẹ wá níyà jù ní ojúde ilé ni àgbàrá: ilẹ̀ pupa oníyanrìn, ojú ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀, títì tí kò ní gọ́tà. Bí wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán, bí wọ́n tì í, kò kan pálọ̀ bàbá tí a sọ níṣàájú. Ẹni tó bá ń fi ojú odò nìkan wo omíyalé, kò ní rí ilé bàbá yẹn títí ayé.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà: kí gan-an là ń kà? Àwọn tó ń ṣe ìṣirò ní dúkìá. Sátẹ́láìtì ní òrùlé. Ẹni tó bá ń gbé ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé méjèèjì ò tó. Lábẹ́ òrùlé páànù kan, ó lè jẹ́ yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra, ìdílé mẹ́wàá, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kà á ní ẹyọ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó kọ́, tó tì pa, tó ń wá sùn níbẹ̀ ní Iléyá tàbí Kérésì. Ẹ̀rọ ka òun náà ní ẹyọ kan, bí a bá sì fi owó díwọ̀n ewu, ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀ ló máa gbapò kìíní. Ilé alámọ̀ àti ilé bulọ́ọ̀kù, bí páànù bá ti borí méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tó ń wò láti òkè. Nílẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Omi tó dé orúnkún á rin bulọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a sóòrùn. Ilé alámọ̀ tó bá mu irú omi yẹn mọ́jú lè wó lé àwọn tó sùn sínú rẹ̀.

Kànga ńkọ́? Òrùlé kì í sábàá wà lórí kànga. Bí àgbàrá bá gba ojú ṣáláńgá kọjá wọ kànga, ilé ò wó, ògiri ò lẹ̀, àmọ́ àìsàn onígbáméjì lè wọlé. Ẹ̀rọ tí obìnrin mẹ́fà jọ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà ńkọ́? Sàárè bàbá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńkọ́? Ẹ lọ bi onílé ohun tí òun máa kọ́kọ́ sunkún lé lórí, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù la dé yìí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn tó fi èèwọ̀ yẹn lé wa lọ́wọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka nǹkan onínǹkan, ó ní ohun tó fẹ́ gbà. Gẹ̀ẹ́sì mú owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun Àdùbí ló bí. Lóde òní, ọ̀dà pupa ni. Ẹni tó bá rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé ìwé dání, tí wọ́n ń béèrè ibi tí omi dé, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àmì X lára ògiri, lẹ́yìn náà katapílà. Ìdí nìyẹn tí onílé fi máa ń kun ògiri kí ayálégbé tuntun tó wá wo yàrá, tí á ní, "Omi kẹ̀? Níbí kọ́." Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn irọ́. Òtítọ́ ò tí ì ṣe é lóore rí ni.

Torí náà, àwa ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kàn wá ka ilé wa. À ń sọ ẹni tó yẹ kó kà á, àti ohun tó wà fún. Kí àdúgbò ka ara rẹ̀. Kí ìwé tó ní orúkọ àti ojúlé wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti baálẹ̀. Kí iye àti òpópónà nìkan jáde lọ sọ́dọ̀ ìjọba: ní òpópónà yìí, ilé báyìí, ìdílé báyìí, ibí ni omi ti ń wá. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ẹ jẹ́ ká lò ó. Kó sì wà lákọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gọ́tà àti afárá ni òǹkà yìí wà fún, pé wọn ò gbọdọ̀ fi wó ilé ẹnikẹ́ni láìsan owó, láìwá ibòmíràn fún un. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí ìyẹn, kí wọ́n má kà wá o.

Àwọn kan á ní owó ò sí. Ecological Fund ti wà láti 1981, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì ní ìpín nínú rẹ̀. Òǹkà tí à ń sọ yìí, téèpù ìwọnlẹ̀, bírò àti fóònù tó wà lápò gbogbo ọ̀dọ́ ló gbà. Ohun tó wọ́n ni ká kọ́ gọ́tà síbi tí kò yẹ, torí pé ibẹ̀ ni ilé ọlọ́lá wà.

Àwọn kan á ní ẹ̀bi àwọn tó kọ́lé sójú àgbàrá ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, a ò ní fi pamọ́. A mọ àwọn tó ta àbàtà fún àjèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì mọ àwọn tó di ojú omi pa kí ṣọ́ọ̀bù wọn lè gùn sí i. Òǹkà á tú àwọn náà fó, ẹ jẹ́ kó tú wọn fó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ló ti wà níbẹ̀ kí títì tó dé. Títì ló wá bá wọn, tó gbé omi wá.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run ló ni òjò. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ń rọ̀jò, ṣùgbọ́n Òun kọ́ ló gbàgbé gọ́tà.

Pé ó ṣeé ṣe, ẹ̀rí wà nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Ní Dar es Salaam, ìlú tó tóbi jù ní Tàǹsáníà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 2015 tí wọ́n pè ní Ramani Huria. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ará àdúgbò ló ń rìn láti òpópónà dé òpópónà, tí wọ́n ń ya gọ́tà, afárá àti ilé sórí máàpù tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ibi tí omi máa ń dé. Àwa náà ní Federal Polytechnic ní Ìlaròó láti 1979. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní ọgbà ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò. Ẹsẹ̀ tó lè rìn ò wọ́n wa.

Ìbéèrè márùn-ún péré ló tó. Ẹnu ọ̀nà yín fi ìwọ̀n mélòó ga ju ojú títì lọ? Níbo ni omi dé lára ògiri nínú òjò tó burú jù tẹ́ ẹ rántí, ọdún wo sì ni? Ibo ló gbà wọlé? Àwọn wo ló ń sùn nísàlẹ̀ tí wọn ò lè dá rìn? Kí ló bà jẹ́? Ẹ ya àwòrán àmì ara ògiri, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá pe àwa oníkọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn: ká fi dátà sátẹ́láìtì ti ohun tí ìyá arúgbó ti mọ̀ lẹ́yìn, ká má fi pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ ń ya máàpù aláwọ̀ pupa láti Yábà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín.

Bí a ò bá ṣe é, a mọ bí a ṣe máa mọ iye náà. Bí Ìbàdàn ṣe mọ̀ ọ́n la máa fi mọ̀ ọ́n. Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé àìmọye èèyàn lọ. Omi tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó lọ sí i. Ó di 2014 kí Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò omíyalé Ìbàdàn. Nínú omi ọdún 2022, nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹwàá, ìjọba àpapọ̀ ní ó lé ní 600 èèyàn tó ti kú, ilé tó sì bà jẹ́ lé ní 82,000. Ẹ ò rí i pé a mọ kíkà ní Nàìjíríà? Nígbà tí ilé bá wó tán la máa ń mọ iye ilé.

Ìkéde á tún bẹ̀rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ mìíràn tó dé. Wọ́n á tún dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á tún fi orin sí i. Bí alága bá wá sí ìpàdé àdúgbò yín, tó ní ìjọba ti kìlọ̀ fún yín, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé àga fún un, ẹ fún un lómi mu, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó dìde láìdáhùn: ojúlé wo?